Ọmọ Tí A Gbé Pọ̀n: Kí O Tó Lọ Bá Olólùfẹ́ Rẹ Lókè Òkun

  Láti Ọ̀rányàn, nílùú Ìbàdàn, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ọ̀kadà tàbí ẹni tó ń polówó ọjà lábẹ́ ohùn mi, ẹ má bínú, Ọ̀rányàn ni. 

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ń gbé inú fóònù. Ẹni tó ń fi fídíò kí olólùfẹ́ káàárọ̀, tó tún ń fi í kí i pé ó dàárọ̀. Ẹni tó mọ iye wákàtí tó wà láàárín Ìbàdàn àti Manchester, tàbí Ìbàdàn àti Houston, bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìfẹ́ náà ti wá dé ibi tí ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ ko ẹrù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó wà nílé ló máa ń kò ó.

Arábìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Télọ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní máṣíìnì mẹ́ta, ó ní ọmọ-iṣẹ́ méjì. Ọkọ rẹ̀ wà ní Ìlú Ọba. Wọ́n ti ṣe ìdána, wọ́n ti lọ sí registry, físà ti jáde. Ọkọ wá ní kó ta máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé, torí pé gbogbo ohun tó fẹ́ ló wà lọ́hùn-ún. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ: "Ṣé kí n tà á?"

Mo máa dá a lóhùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń yí padà gan-an nígbà tí èèyàn bá kúrò láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, tó lọ bá ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ wo bí ìgbéyàwó ṣe rí ní àdúgbò wa yìí. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan láti Bẹyẹrúnká fẹ́ ọmọkùnrin kan ní Ọ̀rányàn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà yẹn. Láyé àtijọ́, wọ́n á sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọ́n á bu omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Kì í ṣe ọkọ nìkan ló wá bá. Agbo ilé ló wá bá: ìyá ọkọ, àwọn ìyàwó tó ti wà nílé ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọdé tó ń pè é ní "ìyàwó wa". Àwọn kan nínú wọn máa dà á láàmú, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Síbẹ̀, bí ọkọ bá gbọ́wọ́ sókè, ẹnì kan á kígbe. Bí ìkòkò bá gbẹ, ó mọ ilé tó lè yà sí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, yóò wé gèlè, ó di Bẹyẹrúnká. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, bàbá rẹ̀ á ti ránṣẹ́ sí àwọn àna.

Ẹ wá fi èyí wé ẹni tó wọ bàálù ní Ìkẹjà, tó sọ̀kalẹ̀ sínú òtútù ní Heathrow. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá pàdé rẹ̀. Ẹni yẹn ni ọkọ. Òun náà ni agbo ilé. Òun ni onílé, òun ni báǹkì, òun ni ẹni tó mọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wọ̀ dé ọjà. Òun ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé tí ìjọba fi gbà ọ́ wọlé. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ àti òun, ta ni o máa lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Òun náà ni.

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. A sábà máa ń fi òwe yẹn bá ọmọ wí pé kò mọ ìyà tí òbí ń jẹ. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀yìn. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò lè yan ọ̀nà. Kò rí iwájú, ẹ̀yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n nìkan ló ń rí. Bí ẹsẹ̀ ẹni yẹn bá sì yẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa ṣubú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jùyẹn lọ: lọ bá olólùfẹ́ rẹ, àmọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ. Mi ò sọ pé ẹni tó ń dúró dè ọ́ lọ́hùn-ún jẹ́ ẹni burúkú. Ẹni rere náà máa ń rẹ̀. Bí o bá wà lẹ́yìn ẹni rere fún ọdún márùn-ún, ọrùn á máa dun ún, ẹsẹ̀ tìrẹ á sì kú tipiri.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òfin ṣe ń so ẹrù yẹn mọ́ èèyàn lẹ́yìn. Ìlú Ọba la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi wá léèrè.

Láti ọjọ́ 11 oṣù April ọdún 2024, ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí ìyàwó wọ Ìlú Ọba lórí físà tọkọtaya gbọ́dọ̀ máa gba owó iṣẹ́ tó tó pọ́ùn 29,000 lọ́dún. Tẹ́lẹ̀, pọ́ùn 18,600 ni. Àwọn tó ní owó rẹpẹtẹ ní ìpamọ́ lè gba ọ̀nà mìíràn, àmọ́ mélòó ni wọ́n? Yàtọ̀ sí owó físà fúnra rẹ̀, owó ìtọ́jú ìlera wà tí wọ́n ń gbà ṣáájú, pọ́ùn 1,035 lọ́dún kan láti February 2024. Fún físà àkọ́kọ́, tó jẹ́ oṣù 33, ó di pọ́ùn 3,105. Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife wà níbẹ̀, ẹ̀rí pé o gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ẹ̀rí pé ẹ ti rí ara yín lójúkojú wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 33 yẹn, wàá tún sanwó, wàá tún gba oṣù 30 sí i. Ó di ìgbà tó bá pé ọdún márùn-ún kó o tó lè béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó o máa gbé ibẹ̀ láìsí gbèdéke.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí pọ́ùn 29,000 yẹn. Ọkùnrin tó fẹ́ kí owó iṣẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ alẹ́, kó tún máa fi òpin ọ̀sẹ̀ kún un. Owó yẹn ló mú ọ dé. Iṣẹ́ yẹn kan náà ni kò ní jẹ́ kó wà nílé nígbà tó o bá dé. Ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lórí fídíò lójoojúmọ́, bóyá àsìkò ìsinmi níbi iṣẹ́ ló ń lò. Nígbà tí ẹ bá ti ń gbé inú yàrá kan náà, ó lè jẹ́ pé oorun ló máa wà lójú rẹ̀ nígbàkígbà tó o bá rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti pe èyí ní pé ìfẹ́ ti tán. Ìfẹ́ kò tán. Ara ló ń sanwó físà.

Àwọn mìíràn ń lọ bí ẹni tó tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́. Ọ̀nà yẹn náà ti dín. Láti ọjọ́ 1 oṣù January 2024, ẹni tó lọ ka máátà tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù March ọdún kan náà, àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, èyí tí àwa ń pè ní care, kò lè mú ẹbí lọ mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé "máa bọ̀, gbogbo ẹ̀ ti tò", bi í pé: orí físà wo? Ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó gba físà ìyàwó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó gba físà àfẹ́sọ́nà, tó jẹ́ oṣù mẹ́fà, kò lè ṣiṣẹ́ rárá títí ìgbéyàwó á fi wáyé, tí wọ́n á sì gba ìwé mìíràn. Oṣù mẹ́fà láìní kọ́bọ̀ tìrẹ kì í ṣe eré.

Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Òfin wọn ní kí àfẹ́sọ́nà méjì ti rí ara wọn lójúkojú láàárín ọdún méjì tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, kí wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó láàárín 90 ọjọ́ tí àlejò bá wọlé. Bí ìgbéyàwó náà kò bá tíì pé ọdún méjì, káàdì ọlọ́dún méjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tí wọ́n fi fọ́tò ọkọ sórí àga lọ́jọ́ ìdána, ẹ gbọ́ o: òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà kò ka ìgbéyàwó tí ọ̀kan nínú tọkọtaya kò sí níbẹ̀ sí ìgbéyàwó, àfi bí wọ́n bá ti wà pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó lẹ́yìn ọjọ́ náà. Òfin wọ̀nyí sì ń yí bí ojú ọjọ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ ka ohun tó wà lórí ojú ewé ìjọba orílẹ̀-èdè náà fúnra yín, ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ san án.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Àwọn ìyá wa ti rìn ín. Kí Ìlú Ọba tó di òòrùn tí gbogbo wa ń wò, Gánà ni. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ń ṣòwò ní Kumasi, ní Accra, ní Tamale. Ọkùnrin á kọ́kọ́ lọ, ó di ọdún díẹ̀, á ránṣẹ́ wálé pé kí wọ́n mú ìyàwó wá. Ìyàwó á bá ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bá níbẹ̀: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà, ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ wà ní ojúlé kejì. Kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyàwó wọ̀nyí fi ní igbá ọjà tiwọn, owó tiwọn, oníbàárà tiwọn. Wọ́n lọ bá ọkọ, wọn ò sì jókòó lé ọkọ lórí.

Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù November ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ ń wá ibi tó máa kó ẹrù sí. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí èèyàn ń sá sí ni ilé tí wọ́n ṣì ti ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò tíì di àtijọ́: ilẹ̀ onílẹ̀ lè yí ohùn padà lọ́sàn-án gangan, nítorí náà, ẹni tó ń lọ kì í fi igi dí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí London. Ẹ ti lè gbọ́ orúkọ Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1944, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ibuza. Ó lọ́kọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Ọkọ rẹ̀ ṣáájú lọ sí London láti kàwé. Òun dúró sí Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé dáadáa. Lọ́dún 1962, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, ó lọ bá ọkọ.

Ohun tó bá níbẹ̀ kò dùn. Nígbà tó kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, ọkọ dáná sun ún. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ nǹkan rí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 22, ó fi ọkọ sílẹ̀, òun àti ọmọ márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí ló mú kó lè dìde? Ó ní iṣẹ́. Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́ ní London. Ó ní ìwé tó ti kà kó tó kúrò nílé. Ó tún ìwé tí wọ́n sun kọ láti orí, ó jáde lọ́dún 1976 bíi The Bride Price. Kó tó dìgbà náà, ó ti kọ Second-Class Citizen, tó jáde ní 1974, nípa obìnrin kan tó lọ bá ọkọ ní London. Ẹni tó bá ní físà lọ́wọ́, kó wá ìwé yẹn kà kó tó di ẹrù. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló fi rìn jáde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ nìkan ló wà, ibo ni ì bá sọ̀kalẹ̀ sí?

Kí ẹ̀yin ọkùnrin má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nìkan nìyí. Nọ́ọ̀sì mélòó ló ti kúrò ní Ìbàdàn yìí lọ sí Ìlú Ọba? Ọkọ wọn ń tẹ̀lé wọn. Ọkùnrin tó ń so táì lọ sí Dùgbẹ̀ láràárọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "Ọ̀gá", ó dé ọ̀hún, ó di ẹni tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, tó ń dúró de ìyàwó kó tó lè ra sìmù. Ìyàwó ló ni físà, orúkọ ìyàwó ló wà lórí ilé. Bí kò bá ti múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, ìtìjú á di ìbínú, ìbínú á sì wá ẹni tó máa bà lé. Èyí tó yẹ kí ẹ bára yín sọ kó tó wọ bàálù ni: oṣù mélòó la fún un láti fi wá iṣẹ́? Iṣẹ́ wo ló lè kọ́kọ́ gbà kí èyí tó fẹ́ tó dé? Ta ló ń dáná lọ́jọ́ wo?

Ó yá, kí wá ni ṣíṣe?

Èkínní, ẹ gbé pọ̀ kí ẹ tó kó lọ. Àwọn àgbà ní ìyàwó tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Lóde òní, mo lè sọ pé olólùfẹ́ tí a fi fídíò fẹ́, ojú nìkan la mọ̀. A ò mọ bó ṣe ń ṣe tí ebi bá ń pa á. Bí ẹni tó wà lókè òkun bá wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má jẹ́ pé òde àríyá ni wọ́n máa fi gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí iná lọ, kí omi tán, kí ẹ wo ìwà ara yín.

Èkejì, béèrè ìbéèrè tí kò dùn ún béèrè. Iye tí ilé ń gbà lóṣù. Ta ni ẹ jọ ń gbé inú ilé náà? Gbèsè mélòó ló wà nílẹ̀? Aago mélòó ló ń jáde, aago mélòó ló ń wọlé? Tí a bá bímọ, ta ni máa gbé e? Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ tọkọtaya akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà kó ọmọ wọn fún òyìnbó tọ́, wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́, torí kò sí ìyá àgbà nítòsí, iṣẹ́ àti ìwé kò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè. Kò sí ìyá àgbà nítòsí títí di òní. Ẹni tó bá bínú torí pé o béèrè irú nǹkan báyìí ti dá ọ lóhùn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ìwé rẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Èyí kàn yín gan-an, ẹ̀yin oní-fóònù. Àwọn káàdì ìgbélùú ti Ìlú Ọba ti di eVisa. Àkáǹtì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí pé o ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Òun lo máa fi gba iṣẹ́, òun lo máa fi gba ilé. Bí o bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí íméèlì tàbí fóònù. Íméèlì ta ni? Fóònù ta ni? Bó bá jẹ́ pé ọkọ tàbí aya ló ṣí i, tó jẹ́ pé orí fóònù tirẹ̀ ni kóòdù ń já sí, ẹni yẹn ti di kọ́kọ́rọ́ ilé ayé rẹ. Fi íméèlì tìrẹ ṣí i, má fi password han ẹnikẹ́ni. Ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀kọ́ rẹ, fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹni tó o fọkàn tán nílé.

Ẹ̀kẹrin, ní owó tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí ju ìwọ lọ, tó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì padà wálé, tó tún lè bọ́ ọ fún oṣù kan. Kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè lọ, tó sì dúró, ìfẹ́ ló mú un dúró. Ìwé tọkọtaya ní Ìlú Ọba kò fún àlejò láyè láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣófo, òfo ni.

Ẹ̀karùn-ún, kọ́ agbo ilé tìrẹ kó o tó débẹ̀. Wá ẹni méjì tó o mọ̀ ní ìlú tó ò ń lọ, tí wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ: ọmọ kíláàsì rẹ, ọmọ àdúgbò, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ. Gba nọ́ńbà wọn, há a sórí. Àwọn ìyá wa ní Gánà mọ ìdí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi wà.

Bó bá wá burú ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tààrà, torí ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀. "Bí o bá sọ̀rọ̀, màá ní kí wọ́n dá ọ padà sí Nàìjíríà." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìjọba. Lóòótọ́, bí ìgbéyàwó bá tú, wọ́n lè gé físà náà kúrú, ó sì sábà máa ń di 60 ọjọ́. Ṣùgbọ́n òfin ya ẹni tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ sọ́tọ̀. Ẹni tó wá lórí físà tọkọtaya, tí ìwà ipá nínú ilé sì tú ìgbéyàwó náà ká, lè béèrè fún ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke fúnra rẹ̀. Kó tó rí i gbà, ó lè béèrè fún oṣù mẹ́ta tí yóò fi lè gba owó ìrànwọ́ àti ibi tó máa sùn sí. Ní England àti Wales, láti December 2015, kì í ṣe ẹni tó luni nìkan ló ṣẹ̀ sófin. Ẹni tó ń gba owó ẹnìkejì rẹ̀, tó ń ṣọ́ fóònù rẹ̀, tí kò jẹ́ kó rí èèyàn títí ayé fi sú u, lè ṣẹ̀wọ̀n. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè lọ́fẹ̀ẹ́, tọ̀sán tòru, ni 0808 2000 247. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí wà nínú ewu, 999 ni. Ẹgbẹ́ Southall Black Sisters náà wà ní London láti 1979, tí wọ́n ń ran àwọn obìnrin tó bá ara wọn nírú ipò yìí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń gbọ́ wa láti inú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ má fi fọ́tò ilé onílé dá ẹni tó ń bọ̀ lọ́rùn. Bó bá jẹ́ yàrá kan lẹ̀ ń gbé, ẹ sọ pé yàrá kan ni. Ẹni tó mọ̀ pé yàrá kan ló ń lọ bá, tó sì gbà láti wá, aya ni, ọkọ ni. Bó bá dé, ẹ mú un lọ ṣí báǹkì tirẹ̀ bí àyè bá ti yọ. Ẹ jẹ́ kó sọnù díẹ̀ lójú ọ̀nà kó lè mọ ọ̀nà. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn yín kí ẹ̀yìn yín tó kán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbàdúrà fọ́mọ, ó dára. Ẹ tún sọ gbólóhùn kan tó ju àdúrà lọ nígbà mìíràn: "Bí kò bá rọrùn, ilẹ̀kùn ilé kò tì." Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jìyà lọ́hùn-ún torí pé àdúgbò ti bá wọn jó, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa padà wálé kí Ọjà'ba máa wò wọ́n.

Ó kù ọ̀rọ̀ àǹtí wa télọ̀. Àǹtí, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má ta gbogbo rẹ̀. Ẹ ta ọ̀kan, kí owó rẹ̀ di owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kó wà ní orúkọ yín. Ẹ fi méjì tó kù sílẹ̀ fún ọmọ-iṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ jù, kí ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí: iye tó máa máa san sí àkáǹtì yín lóṣù, ẹni tó ń ṣàtúnṣe bí máṣíìnì bá bàjẹ́. Kí àǹtí tàbí àbúrò yín kan máa yà síbẹ̀. Ẹ kó sísọ́ọ̀sì yín àti ìwé ìwọ̀n yín dání. Níbi tí Yorùbá bá ti ń ṣe àríyá, ní Peckham tàbí ní Houston, aṣọ ẹbí á wà, ẹni tó máa rán an á sì níyì. Ọkọ yín ní gbogbo nǹkan wà lọ́hùn-ún. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ohun tó wà níbí, tó jẹ́ tiyín, kò sí lọ́hùn-ún. Ẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe dáhùn á sọ púpọ̀ fún yín.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyí. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń di ẹrù lọ́wọ́, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i kó tó dé pápákọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ti lọ, tó sì ní ìmọ̀ràn tí a ò mẹ́nu bà, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. A máa gbé e jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń lọ, ọ̀nà á là o. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire.